Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí nípa kréṣì: báwo la ṣe ń sọ ohun tó ń dùn wá fún àwọn Àǹtí?

Mo ṣe Àǹtí kréṣì n'Íbàdàn fún ọdún mélòó kan kí èmi náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ tèmi fún ẹlòmíì láàárọ̀, torí náà mo mọ bọ́rọ̀ ṣe ń rí lẹ́nu géètì yẹn látọ̀dọ̀ òbí àti látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ló wà nísàlẹ̀ yìí, mo dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn. Àwọn kan gùn, àwọn kan ò gùn, torí ọ̀rọ̀ ò dọ́gba.

Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á fìyà ẹ̀ jẹ ọmọ mi lẹ́yìn mi. Ṣé kí n kúkú dákẹ́ ni?

Ẹ má dákẹ́ o. Ìbẹ̀rù yìí gan-an ló ń pa ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu mọ́, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí ọmọ ò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀, àwọn ló ń fún un lóúnjẹ tí wọ́n ń nùdí fún un, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti débi iṣẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ 12 ló fún ìyá ọmọ, ìyẹn ni pé ọmọ tí ọrùn ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé lọ kréṣì, ta ló wá fẹ́ bá ẹni tó ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní wàhálà?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yẹn fún yín. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ máa ń béèrè ọ̀rọ̀, tó máa ń tú báàgì wò, tó mọ iye páńpásì tó kó wá láàárọ̀, ọmọ yẹn ò ṣeé gbàgbé. Gbogbo Àǹtí ló mọ̀ pé wọ́n máa bi àwọn. Èyí tí wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó yí aṣọ fún un. Kì í ṣe pé àwọn Àǹtí burú, ẹni tó ń mójú tó ọmọ 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ibi tí ariwo bá ti ń wá ló máa sáré lọ.

Ohun tó máa ń dá ìkùnsínú sílẹ̀ ni ìtìjú, ká pariwo mọ́ èèyàn lójú àwọn òbí yòókù, ká pè é ní ọ̀lẹ tàbí ìkà lójú àwọn ọmọdé tó ń pè é ní Àǹtí. Ẹni tí ẹ bá fà sí kọ̀rọ̀ tí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́ bá sọ̀rọ̀, inú ẹ̀ lè má dùn lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò ní di ọmọ yín sínú. Tí ẹ bá wá rí i pé ìwà wọn sí ọmọ yín yí padà lẹ́yìn tí ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, a jẹ́ pé ibẹ̀ ò yẹ ọmọ yín nìyẹn, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Ta ni kí n kọ́kọ́ bá sọ ọ́, Àǹtí tó ń mú ọmọ mi àbí mádàámú tó ni ilé ìwé?

Ọ̀rọ̀ kéékèèké, Àǹtí ni. Páńpásì, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù, ìbọ̀sẹ̀ tó sọnù, oorun ọ̀sán, ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é ló mọ bó ṣe jẹ́. Tí ẹ bá fò ó dá lọ bá mádàámú, wọ́n á pe ọmọbìnrin yẹn sí ọ́fíìsì, wọ́n á jágbe mọ́ ọn, ibòmíì wọ́n á tún gé lára owó oṣù ẹ̀ tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá dé lọ́jọ́ kejì á kí yín dáadáa, á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohunkóhun fún yín mọ́. Òun nìkan ló sì lè sọ fún yín pé ọmọ yín wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí pé kò mumi látàárọ̀.

Tí ẹ bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí kò yí padà, ẹ lọ bá mádàámú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iye òṣìṣẹ́, géètì tí kì í tì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń rùn, jẹnẹrétọ̀ tó ń tú èéfín sí ojú fèrèsé ibi tí ọmọ ń sùn. Àǹtí ò lágbára lórí ìwọ̀nyẹn.

Tó bá wá jẹ́ nínà, tàbí oògùn tí ẹ ò fún wọn, tàbí ẹnì kan tó fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ Àǹtí. Mo máa dé ibẹ̀.

Ìgbà wo ló dáa jù?

Kò dáa láàárọ̀. Láàárọ̀, ọmọ mẹ́fà ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, Àǹtí ń gba fídà lọ́wọ́ yìí, ń gba kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ tọ̀hún, ẹ̀yin náà ń wo aago. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ nígbà yẹn, "a ti gbọ́ mà" ló máa gbà. Nírọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti dín kù, tí ọkàn balẹ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ kì í tètè dé, ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ lọ́sàn-án pé ẹ fẹ́ rí wọn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ kejì lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá tọ́jú fún oṣù méjì, ọjọ́ tí ẹ bá máa sọ ọ́, gbogbo ẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan, páńpásì toṣù kẹta, búrẹ́dì tó sọnù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ìyá yín, ẹni tó ń gbọ́ ò ní mọ èwo ni kó dáhùn. Ọ̀rọ̀ àpá ara tiẹ̀ burú jù, torí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kò sẹ́ni tó lè rántí bóyá ilé yín ni ọmọ ti ṣubú àbí kréṣì.

Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọmọdé ni Àǹtí yẹn, mi ò mọ̀ bóyá kí n máa "ẹ" ẹ́ tàbí kí n kàn sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ máa "ẹ" ẹ́. Bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún, Àǹtí ọmọ yín ni, ọmọ yín sì ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ kí i kẹ́ ẹ tó sọ nǹkan míì, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú." Èmi mọ bó ṣe máa ń rí lára lẹ́yìn tí èèyàn ti nùdí látàárọ̀, tí òbí kan bá rántí kí èèyàn.

Lẹ́yìn náà ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Báyìí: "Mo rí ibi pupa kan lẹ́yìn etí ẹ̀ nígbà tí mò ń wẹ̀ ẹ́ lánàá, kò sí níbẹ̀ láàárọ̀. Ṣé ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan?" Ẹni tó bá ní "Kí lẹ fi ọmọ mi ṣe?", irọ́ ló ń wá gbọ́ yẹn, torí kò sí ẹni tó máa jẹ́wọ́ sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi ọmọ ẹlòmíì ṣe àpẹẹrẹ, ẹ má ní "ọmọ olówó yẹn, ẹ máa ń gbé e ju tèmi lọ." Òótọ́ lè ni o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa di ti ìlara lójú wọn, ibẹ̀ náà ló máa parí sí.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe. "Kí la máa wá ṣe sí i báyìí?" Tí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ tún un sọ fún wọn létí ara wọn: "Ó dáa, ẹ máa yí páńpásì ẹ̀ ní aago 10 àti aago 1, màá fi méjì kún èyí tí mò ń kó wá." Nílé, ẹ kọ ọjọ́ náà àti ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé kékeré kan. Tí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ìwé yẹn ò pa yín lára. Tí kò bá parí, ẹ máa nílò ẹ̀.

Ọmọ mi délé pẹ̀lú àpá eyín lápá. Àǹtí ní ọmọ kan ló gé e jẹ. Ṣé kí n gbà bẹ́ẹ̀?

Ó ṣeé gbà dáadáa. Àwọn ọmọ ọdún 1 sí ọdún 3 máa ń géra wọn jẹ, kò sí kréṣì tí kì í ṣẹlẹ̀. Eyín ń hù, ọ̀rọ̀ ò tíì pọ̀ lẹ́nu, ẹnì kan já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹnu ló máa fi dáhùn. Ọmọ tó ń gé èèyàn jẹ kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí ibi tí òbí méjì ti fẹ́ máa gbára wọn létí nítorí ẹ̀.

Ẹ wo àpá náà nínú ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Ti ọmọdé máa ń kéré, ó máa ń rí rogodo, eyín wẹ́wẹ́ ló máa hàn. Tí àárín eyín ajá méjèèjì, ìyẹn eyín ṣónṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín iwájú, bá ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ó lè jẹ́ ẹnu àgbàlagbà, dókítà ló yẹ kó wò ó lọ́jọ́ náà. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìdérí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí ìwọ̀n ẹ̀ lè hàn. Tó bá ti dá awọ ara lu, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Ẹ má retí pé wọ́n máa dárúkọ ọmọ tó gé e jẹ fún yín, kò sì yẹ kí wọ́n dárúkọ ẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni: níbo ni Àǹtí wà nígbà tó ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo rí i nígbà tí mò ń wẹ ọmọ, tí ẹnikẹ́ni ò pè mí? Ìbéèrè kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ọmọ lè farapa ní ibi tó dáa jù. Ibi tó bá fi ìfarapa pamọ́ fún òbí ni kí ẹ máa fojú ẹ̀gbẹ́ wò.

Àpá wo ló yẹ kó já mi láyà?

Eékún, ojúgun, iwájú orí, ìgbọ̀nwọ́, ibẹ̀ ni ọmọ tó ń kọ́ ìrìn máa ń fi ṣubú. Èyí tó bá wà ní etí, ọrùn, ẹ̀yìn, ikùn, ìdí, tàbí inú itan, kò rọrùn kí ìṣubú lásán fà á. Ọmọ tí kò tíì lè rá kò gbọ́dọ̀ ní àpá ìfarapa kankan lára rárá, ẹ gbé e lọ ọsibítù kẹ́ ẹ tó lọ bi kréṣì ní ohunkóhun. Ìlà gígùn méjì tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bẹ́líìtì tàbí pàṣán ló máa ń fi irú ẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí ọmọ mi ń bó, páńpásì mẹ́ta tí mo kó wá, méjì ló ń padà sílé.

Èyí ò le, àmọ́ ó ń dun ọmọ. Ẹ sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ fi páńpásì tó ṣẹ́ kù han Àǹtí. Ìgbà míì ó máa ní òun rò pé ẹ fẹ́ kí òun máa ṣọ́ ọ lò ni torí ó ti wọ́n, irọ́ sì kọ́, àwọn òbí kan ń sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ sọ fún un lẹ́nu yín pé kó lò ó tán. Ẹ kó ìpara ìdí ọmọ wá, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọmọ sí i lára, torí èyí tí kò bá lórúkọ, gbogbo ọmọ ló máa lò ó.

Mò ń fún ọmú sínú fídà fún wọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò ti bàjẹ́, pẹ̀lú iná tí kì í sí?

Ọmú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, wákàtí 4 ló lè lò níta ní ibi tó tutù níwọ̀nba, ìyẹn tí ooru ò bá ju ìwọ̀n 25 lórí Celsius lọ. Yàrá kréṣì tí kò ní fáànù lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ má gbára lé e. Ẹ gbé e wá nínú báàgì tó ní áìsì nínú. Ẹ lẹ bébà mọ́ fídà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ aago tí ẹ fún un sí i. Èyí tí ọmọ bá mu kù, tó bá ti ju wákàtí 2 lọ, kí wọ́n dà á nù. Àwọn Àǹtí kì í fẹ́ dà á nù torí ó máa ń ṣe wọ́n bíi pé wọ́n ń ṣòfò nǹkan oníǹkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò ní bínú.

Ọmọ mi máa ń sùn lẹ́yìn tó bá délé, oorun tó wúwo, tó ṣòro láti jí. Ẹnì kan sọ fún mi pé àwọn kréṣì kan máa ń fún ọmọ ní oògùn oorun.

Mi ò ní tan yín, ó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíì. Kì í sábà jẹ́ oògùn oorun gan-an, oògùn ikọ́ tàbí oògùn ara yíyún tó ń kunni lóorun ni, Piriton, tàbí promethazine tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Phenergan. Ẹni tó ń fún wọn lè rò pé oògùn ọmọdé ṣáà ni, kí ni tiẹ̀. Promethazine ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 rárá, torí ó lè mú kí mímí ọmọ dín kù títí táá fi dúró. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo èyí.

Oorun nìkan kì í ṣe ẹ̀rí o, ọmọ tó ti ṣeré látàárọ̀ máa sùn. Ẹ wò ó bóyá lọ́jọ́ tó bá wà nílé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹnu ẹ̀ ń gbẹ, ṣé ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bíi ti ẹni tó mutí, ṣé kò jẹun alẹ́? Tó bá jẹ́ ọjọ́ tó lọ kréṣì nìkan ló ń rí bẹ́ẹ̀, tó sì ń tẹ̀ léra, ẹ gbé e lọ ọsibítù nígbà tó ṣì ń sùn bẹ́ẹ̀, kí dókítà rí i fúnra ẹ̀. Tí mímí ẹ̀ bá lọ́ra tàbí tí ẹ ò lè jí i, ìyẹn ò gba ìrònú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Mádàámú ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé fún un, kì í ṣe ẹnu lásán: "Ẹ ò gbọ́dọ̀ fún ọmọ mi ní oògùn kankan, títí kan paracetamol, gripe water àti àgbo, àfi tí mo bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà." Ẹ gba ẹ̀dà kan tí wọ́n buwọ́ lù. Èmi tiẹ̀ rò pé gbogbo òbí ló yẹ kó kọ ìwé yìí lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ wọlé, kí ọ̀rọ̀ má tiẹ̀ dé bí ẹni ń fura.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń na àwọn ọmọ. Ṣé kí n sọ pé ẹgba kékeré ò pọmọ, àwa náà ṣáà jẹgba?

Ọmọ ọdún 2 ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń nà án. Ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ kò ju pé ẹni tó tóbi lè ṣe òun bó ṣe fẹ́. Lóṣù January 2025, fídíò kan jáde láti Ìkòròdú, tíṣà kan ń gbá ọmọkùnrin ọmọ ọdún 3 létí léraléra torí pé kò mọ nọ́ńbà kọ, ọlọ́pàá mú tíṣà náà. Gbogbo wa la bínú, ṣùgbọ́n nǹkan tó wà lọ́kàn mi ni pé fídíò ló jẹ́ kó di ọ̀rọ̀. Yàrá tí kò sí fọ́ònù ńkọ́?

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn, ti Èkó jẹ́ 2007. L'Ékòó, àṣẹ ìjọba tún jáde ní 2016 pé kí gbogbo ilé ìwé àti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé ní ìlànà ààbò ọmọ. Torí náà ẹ lè béèrè pé kí wọ́n fi ìlànà tiwọn hàn yín, ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe àrífín.

Lọ́dọ̀ mádàámú, ẹ lọ pẹ̀lú fọ́tò àpá, ìwé dókítà tó bá wà, àti ẹnì kan tí ẹ jọ lọ, ọkọ yín tàbí ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tí òṣìṣẹ́ náà máa wà ní gbogbo àsìkò tí wọ́n bá ń wádìí. Tí mádàámú bá ń bẹ̀bẹ̀ dípò kó dáhùn, tó ń ní "ẹ jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọmọ yín lágídí", ẹ gbé ọmọ yín, kẹ́ ẹ sì mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìjọba. L'Ékòó, àjọ DSVA tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfìyàjẹ ọmọ ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 08000 333 333. Níbòmíì, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé ní ìpínlẹ̀ yín, tàbí àgọ́ ọlọ́pàá tó ní ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ọmọ mi sọ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun lójú ara.

Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má pariwo lójú ẹ̀, ẹ má bú u, ẹ má sì bi í ní ogún ìbéèrè. "O ṣé tí o sọ fún mi, ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi" ti tó. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ gan-an, bó ṣe pè é.

Ẹ má wẹ̀ ẹ́ o. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ìyá máa fẹ́ wẹ ọmọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù. Aṣọ àti pátá tó wọ̀, inú àpò bébà ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Ẹ gbé ọmọ lọ ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, kó má ju wákàtí 72 lọ rárá, torí lẹ́yìn ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń dènà HIV ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. L'Ékòó, Mirabel Centre wà nínú ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà, láti 2013 ni wọ́n ti ń tọ́jú irú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. DSVA tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà máa tọ́ yín sọ́nà.

Kréṣì kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Tí ẹ bá lọ síbẹ̀ lọ bá ẹni yẹn, ó máa sá, tàbí kí wọ́n fọ gbogbo nǹkan mọ́. Ìpàdé ẹbí, pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó máa ní ká yanjú ẹ̀ láàárín ara wa, kí gbogbo ìyẹn dúró. Ẹni tó ṣe é fún ọmọ yín ṣì máa rí àwọn ọmọ yòókù láàárọ̀ ọ̀la.

Láràárọ̀ ló ń sunkún mọ́ mi lọ́rùn. Ṣé wọ́n ń ṣe é ní nǹkan kan ni?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Láti bí oṣù 8 sí ọdún kan àtààbọ̀, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé ìyá òun lè lọ ni, á sunkún, á sì dákẹ́. Ẹ bi Àǹtí léèrè, "Ó máa ń pẹ́ tó kó tó dákẹ́?" kẹ́ ẹ sì dúró sẹ́yìn ògiri ní ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni ọmọ tó ti ń fayọ̀ lọ fún oṣù mélòó kan tó wá yí padà lójijì, tàbí tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sá fún, tàbí tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ bọ́ aṣọ lára òun mọ́.

Ṣé kí n gbé e sí grúùpù WhatsApp àwọn òbí?

Rárá. Ẹ bá òbí kan tàbí méjì sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ láti mọ̀ bóyá àwọn náà rí nǹkan. Ní grúùpù, mádàámú wà níbẹ̀, ẹni tó ń wá ìjà wà níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ọ̀rọ̀ àpá kékeré ti di "wọ́n fẹ́ pa ọmọ", òótọ́ yín á sì sọnù sínú ẹ̀.

Màmá mi ló ń lọ gbé ọmọ, wọ́n sì ti lọ bú Àǹtí kí n tó dé.

Ẹ bẹ Àǹtí lórúkọ màmá, ẹ má dá màmá lẹ́jọ́ níwájú ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá bẹ màmá nílé pé ohun tí wọ́n bá rí, ẹ̀yin ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Ojú àwọn àgbà máa ń rí ohun tí tiwa ò rí, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má lé wọn kúrò nídìí ẹ̀ nìyẹn.

Ìlú Ọba la wà. Ṣé bákan náà ni?

Ọ̀wọ̀ àti ìkíni ò yàtọ̀, òfin ló yàtọ̀. Ní England, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní key person, ìyẹn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n yàn láti máa mójú tó o, ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn ẹ̀ ni mánéjà. Nọ́sìrì gbọ́dọ̀ sọ fún yín lọ́jọ́ náà tí ọmọ bá farapa. Tí ẹ bá kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀ lórí bí wọn ò ṣe tẹ̀ lé ìlànà, wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí ẹ̀, kí wọ́n sì fún yín lésì láàárín ọjọ́ 28. Torí náà ẹ kọ ọ́, ímeèlì kúkurú tó. Iye òṣìṣẹ́ náà wà nínú òfin: ẹnì kan fún ọmọ 3 tí kò tíì pé ọdún 2, ẹnì kan fún ọmọ 5 tó jẹ́ ọdún 2. Nínà ò sí rárá, kódà wọn ò gbọ́dọ̀ fi halẹ̀ mọ́ ọmọ. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, Ofsted, àjọ ìjọba tó ń yẹ nọ́sìrì àti ilé ìwé wò, ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọ tiwa gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ adúláwọ̀ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àmì aláwọ̀ aró ní ìdí tàbí ẹ̀yìn, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa rò pé àpá lílù ni, ó sì di dandan fún un kó sọ fún àwọn aláàbò ọmọdé. Kí health visitor (nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé) tàbí GP (dókítà àdúgbò) kọ àmì yẹn sínú red book, ìwé ìlera ọmọ, kẹ́ ẹ sì fi han nọ́sìrì lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán ibi tó wà sínú fáìlì ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún daycare ní láísẹ́ǹsì, wọ́n sì máa ń gbé ohun tí wọ́n rí nígbà àyẹ̀wò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Mo ti sọ, mo ti kọ, nǹkan ò yí padà. Mo ti san owó táàmù tán.

Ẹ kọ̀wé béèrè owó tó ṣẹ́ kù, bí wọ́n bá dá a padà, ẹ dúpẹ́, bí wọn ò dá a padà, ẹ má jẹ́ kí owó yẹn dá ọmọ yín dúró síbẹ̀. Mo ti rí òbí tó ní ká ṣáà lo owó yìí tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù nínú táàmù, ọmọ ò sì mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní táàmù.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ gba ẹ̀dà káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ padà tó bá wà lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yọ fọ́tò ẹ̀ kúrò lójú Facebook wọn. Ní kréṣì tuntun, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí Àǹtí tuntun lè mọ̀ pé tí ọmọ yìí bá ń sunkún nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yí páńpásì ẹ̀, kó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.